Ìtàn Ayé Dókítà Albert Schweitzer ti Lambaréné

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Alímọ̀ṣọ́ nígbà tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò ṣì jẹ́ abúlé àgbẹ̀, yóò rántí pé ọ̀nà oníṣègùn jìn ní ayé ìgbà náà. Bí àìsàn bá dá ènìyàn dúbúlẹ̀ lóru, àwọn ará ilé a gbé e, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lónìí ìlú ti bo igbó mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ìgandò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí ó ti rí fún àwọn baba wa náà ni ó ṣì rí. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ fi ìtàn ọkùnrin kan síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní oṣù yìí, ẹni tí ó dá ilé ìwòsàn kékeré kan sílẹ̀ láàárín igbó, létí odò Ogowe, ní ilẹ̀ Gabon, tí ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú. Albert Schweitzer ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kún fún iṣẹ́ rere, ó sì ní àbùkù tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwa yóò sọ èkíní, a kò sì ní fi èkejì pamọ́, nítorí ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn mọ méjèèjì.

A bí Albert Schweitzer ní ọjọ́ 14 oṣù Jánúárì ọdún 1875, ní ìlú Kaysersberg ní ilẹ̀ Alsace. Ilẹ̀ yìí wà láàárín Faransé àti Jámánì, àwọn méjèèjì sì ti fi ogun gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ní ìgbà tí a bí i, Jámánì ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀. Lẹ́yìn ogun ọdún 1914 sí 1918, ó padà di ti Faransé. Pásítọ̀ ni baba rẹ̀, a sì gbé baba náà lọ sí abúlé Gunsbach ní ọdún tí a bí ọmọ yìí gan-an. Ibẹ̀ ni ó gbé dàgbà, láàárín àwọn ọmọ àgbẹ̀.

Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó bá ọmọ abúlé kan jìjàkadì, ó sì dá a. Ọmọ tí a dá náà dáhùn pé bí òun bá ń rí omi ẹran mu lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ bí ọmọ pásítọ̀ ti ń rí i, òun náà ì bá ní agbára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Albert lára ṣinṣin. Láti ọjọ́ náà lọ, omi ẹran korò lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ̀ láti wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè àti ìbọ̀wọ́ tí àwọn ọmọ yòókù kò ní, bí baba rẹ̀ tilẹ̀ bínú sí i gidigidi. Ní ìlú Colmar tí kò jìnnà sí wọn, ère kan wà tí a gbẹ́ fún ọ̀gágun ojú omi kan. Ní ìsàlẹ̀ ère náà ni a gbẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sí, tí ojú rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá mú ọmọ náà dé Colmar, kì í padà wálé láìlọ wo ojú ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ojú ère yìí ni ó kọ́kọ́ mú kí òun ronú nípa ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn Áfíríkà.

Ọlọ́run fún un ní ọpọlọ tí ó pọ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń gbapò ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Widor ní Paris, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ dùùrù í tẹ̀ jù ní Yúróòpù. Ní ọdún 1899 ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba oyè nínú ìmọ̀ nípa Ọlọ́run, ó di oníwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicolas ní Strasbourg, nígbà tí ó yá, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ìlú náà. Ní ọdún 1905 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí Bach, olórin ìsìn tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1906 ó tẹ òmíràn lórí bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe ìwádìí ìgbésí ayé Jésù Olúwa wa. Ẹni tí ó bá rí gbogbo èyí yóò rò pé ọ̀nà rẹ̀ ti là.

Ṣùgbọ́n ìpinnu kan ti wà nínú ọkàn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kò mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní àkókò àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 1896, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó jí ní ilé baba rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹyẹ ń kọrin, ọkàn rẹ̀ sì bi í pé ṣé ó tọ́ kí òun máa jẹ irú ayọ̀ báyìí lófo, nígbà tí ìyà ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ó tó dìde lórí ibùsùn, ó ti pinnu pé òun yóò fi ara òun fún ẹ̀kọ́ àti orin títí òun yóò fi pé ọmọ 30 ọdún. Láti ìgbà náà lọ, òun yóò fi ọwọ́ òun sin ọmọnìkejì. Kò mọ irú iṣẹ́ tí yóò jẹ́. Ó gbìyànjú láti tọ́jú àwọn ọmọ aláìníbaba, ó gbìyànjú láti ran àwọn tí kò nílé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là.

Ìwé ìròyìn kékeré kan ni ó la ọ̀nà náà, irú èyí tí ẹ̀yin òǹkàwé wa mú lọ́wọ́ yìí. Ní ọdún 1904, ó bá ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ti Paris lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó ti fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sí ọ̀rọ̀ kan tí Alfred Boegner, olórí ẹgbẹ́ náà, kọ nípa àìní àwọn ará Gabon. Ó kà á tán, ó pa ìwé dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwákiri rẹ̀ ti dópin. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí ń kọ ìwé kékeré tàbí tí ń pín in má ṣe rò pé asán ni iṣẹ́ náà, nítorí a kò mọ tábìlì ẹni tí yóò dé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Ọkitóbà ọdún 1905, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kí òun lè lọ sí Áfíríkà. Ariwo ta. Widor olùkọ́ rẹ̀ bá a wí bí ẹni pé ọ̀gágun ni ó fẹ́ gbé ìbọn lọ sí ojú ìjà bí ọmọ ogun lásán. Àwọn mìíràn sọ pé ọgbọ́n rẹ̀ ti dàrú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì yí padà. Ìdí tí ó fi yan ìṣègùn kò ṣòro láti mọ̀: ó ti fi ẹnu sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe é nísinsìnyí. Lójú rẹ̀, àwọn ará Yúróòpù dà bí ọlọ́rọ̀ inú òwe Jésù, tí ó ń jẹun lójoojúmọ́ nígbà tí Lásárù dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú egbò. Áfíríkà ni Lásárù náà. Ó sì gbà pé gbèsè ni Yúróòpù jẹ, kì í ṣe ìtọrẹ àánú ni ó ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ṣe padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń kọ́ ìṣègùn, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó ń wàásù ní ọjọ́ ìsinmi, ó sì ń lọ tẹ dùùrù káàkiri, débi pé oorun kì í tó o sùn. Ní oṣù Júùnù ọdún 1912, ó gbé Helene Bresslau níyàwó, ọmọbìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ẹni tí ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tí ń bẹ níwájú wọn. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan ṣì tì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ti Paris kò fara mọ́ ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ nípa Jésù, wọ́n sì bẹ̀rù pé yóò da ọkàn àwọn onígbàgbọ́ Gabon rú. Ó lọ kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ilé wọn. Ó ṣèlérí pé ìṣègùn nìkan ni òun ń bá lọ, òun kò ní wàásù, àti pé òun fúnra òun ni yóò wá owó iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Owó náà ti inú orin dùùrù, ìwé rẹ̀ àti ọrẹ àwọn ọ̀rẹ́ wá.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Olúwa wa, ọdún 1913, tọkọtaya náà fi Gunsbach sílẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ òkun ní Bordeaux, wọ́n dé etíkun Gabon, wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn tí ó gbé wọn gòkè odò Ogowe. Ní oṣù Épírì, wọ́n gúnlẹ̀ ní Lambaréné, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Nassau, oníṣègùn àti ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ tẹ ibùdó ìhìnrere dó síbẹ̀ ní ọdún 1876, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti sí oníṣègùn mọ́. Omi àti igbó ni ó yí ibẹ̀ ká. Kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tí ó ṣe é gbà. Odò ni títì, ọkọ̀ ojú omi sì ni ẹsẹ̀.

Dókítà kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tí àwọn aláìsàn fi dé. A ti ṣèlérí ilé fún un, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ ọ, nítorí òwò gẹdú ti kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ènìyàn nínú oòrùn. Bí òjò ìrọ̀lẹ́ bá sì ti ṣú, gbogbo wọn a kó igò oògùn sá sábẹ́ òrùlé. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, ó wá ilé adìẹ àtijọ́ kan tí àwọn ajíhìnrere ti lò rí, ó gbá a, ó fi ẹfun kùn ún, ó to pẹpẹ oògùn sí ara ògiri, ó sì gbé ibùsùn kékeré kan síbẹ̀. Ilé adìẹ yìí ni ilé ìwòsàn Lambaréné ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ní ihò, dókítà sì ní láti dé fìlà nítorí oòrùn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, kò sí ìdí láti dá iṣẹ́ dúró.

Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ jù ni Joseph Azoawani, ọmọ ẹ̀yà Galoa, tí ó ti jẹ́ alásè rí. Joseph gbọ́ èdè púpọ̀ ní agbègbè náà, ó sì gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà òun ni ògbufọ̀. Orúkọ ara ẹran tí ó mọ̀ ní ilé ìdáná ni ó fi ń pe ara ènìyàn. Bí itan bá ń dun ẹnì kan, a sọ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń júwe itan àgbò fún ẹlẹ́ran. A lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí Joseph, dókítà pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀ ì bá dà bí odi láàárín àwọn aláìsàn rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ní oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì aláìsàn ni ó gba ọwọ́ wọn. Ibà wà níbẹ̀, àrùn oorun wà, ẹ̀tẹ̀ wà, ìgbẹ́ ọ̀rìn wà, jàbùtẹ̀ wà, àti egbò tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ dé egungun. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn mìíràn wa ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ń pe dókítà ní Oganga, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn adáhunṣe wọn, nítorí lójú wọn ẹni tí ó lè wo àrùn sàn gbọ́dọ̀ ní agbára. Ohun tí ó ya wọ́n lẹ́nu jù ni oògùn tí ń mú ni sùn tí a sì fi ń la ara láìsí ìrora.

Àìsàn kan wà tí ó ń pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní ìpa oró, èyí ni ìpá tí ìfun há sí. Inú ẹni náà a wú, a sì máa yí gbirigbiri nílẹ̀, a máa ké títí ikú yóò fi gbà á. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Schweitzer ti sọ bí a ti í gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí yóò gbé ọwọ́ lé e níwájú orí tí yóò sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Helene ni ó ń fún un ní oògùn oorun, Joseph a sì máa ṣe ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá parí, a gbé e lọ sí ilé àwọn aláìsàn tí ó ṣókùnkùn, dókítà a sì jókòó tì í títí yóò fi jí. Bí ó bá jí tí kò gbọ́ ìrora mọ́, a máa fi ọwọ́ wá ọwọ́ dókítà kiri. Nígbà náà ni dókítà a sọ fún òun àti àwọn tí ó yí i ká pé Jésù Olúwa ni ó rán òun àti ìyàwó òun wá sí etí Ogowe, àti pé àwọn ènìyàn kan ní Yúróòpù ni ó san owó oògùn náà. Ìlérí pé kò ní wàásù kò dí irú ìwàásù yìí lọ́nà. Nígbà tí ó sì yá, àwọn ajíhìnrere ibẹ̀ fúnra wọn ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó wá gun orí pẹpẹ.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ ní ọdún 1914. Nítorí pé ọmọ abẹ́ Jámánì ni Schweitzer àti ìyàwó rẹ̀, ìjọba Faransé tí ń ṣàkóso Gabon fi ẹ̀ṣọ́ tì wọ́n mọ́lé, a sì dá iṣẹ́ ìwòsàn dúró fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí a tún jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ó ń ronú lórí ohun tí ó sọ àwọn onígbàgbọ́ Yúróòpù di apànìyàn. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1915, bí ó ti ń gòkè odò lọ láti tọ́jú aláìsàn kan, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ọkọ̀ ń kọjá láàárín agbo erinmi, ìdáhùn kan wá sí ọkàn rẹ̀: pé ìpìlẹ̀ gbogbo ìwà rere ni kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí, ti ara rẹ̀, ti ẹnìkejì rẹ̀, àti ti gbogbo ohun abẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó kọ́ ayé títí ó fi kú.

Ní ọdún 1917 a kó òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé bí òǹdè, a sì há wọn mọ́ títí di ọdún 1918. Ìyà náà ba ìlera àwọn méjèèjì jẹ́, Helene kò sì tún ní ara líle bíi ti ìṣáájú mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Jánúárì ọdún 1919, ọjọ́ ìbí baba gan-an, a bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo fún wọn, Rhena. Schweitzer jẹ gbèsè, ó ń ṣàìsàn, àwọn ènìyàn sì ti ń gbàgbé rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ó ń tẹ dùùrù, ó ń sọ àsọyé, ó sì kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní etí igbó tí àwọn ènìyàn rà púpọ̀. Ó san gbèsè rẹ̀ tán.

Ó padà dé Lambaréné ní ọdún 1924, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Helene kò lè bá a lọ nítorí àìsàn. Igbó ti gba ilé ìwòsàn padà. Koríko ti bo ọ̀nà, òrùlé ti jò, igi ti hù níbi tí àwọn aláìsàn ń sùn. Ní òwúrọ̀ a máa ṣe oníṣègùn, ní ọ̀sán a di kọ́lékọ́lé, a máa wa ọkọ̀ kiri abúlé láti tọrọ ewé tí wọn yóò fi ṣe òrùlé. Joseph padà wá bá a. Àwọn oníṣègùn mìíràn àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí wá láti Yúróòpù, nínú wọn ni Mathilde Kottmann àti Emma Haussknecht, tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀.

Ní ọdún 1925, ìyàn mú, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì tẹ̀lé e. Òwò gẹdú ni ó fa púpọ̀ nínú èyí: àwọn ọkùnrin fi oko sílẹ̀ lọ gé igi, kò sì sí ẹni tí yóò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá. Ilé ìwòsàn kún àkúnya, àwọn tí ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ń kó o ran àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là lára, nítorí kò sí àyè láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà náà ni Schweitzer pinnu pé àfi kí wọ́n kúrò. Ó gba ilẹ̀ gbígbòòrò ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí òkè odò, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣán igbó, ó bá wọn ri òpó, ó fi páánù ṣe òrùlé, ó sì gbin igi eléso àti ẹ̀fọ́ kí ìyàn má bàa tún bá wọn lójijì. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1927 ni a fi ọkọ̀ kó àwọn aláìsàn lọ sí ilé tuntun náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n sùn ní Lambaréné lórí ilẹ̀ tí kò tutù, lábẹ́ òrùlé tí kò jò.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ilé ìwòsàn náà ti rí, nítorí nínú èyí ni ọgbọ́n ọkùnrin náà hàn jù. Kò dà bí ilé ìwòsàn Yúróòpù, abúlé ni. Aláìsàn kì í wá nìkan. Ìyàwó rẹ̀ a bá a wá, tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn a dáná lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, wọn a sè oúnjẹ tí ó mọ̀ fún un. Ilé ìwòsàn a fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì, àwọn tí ara wọn le a sì ṣe iṣẹ́ díẹ̀ nínú oko. Ẹni tí ó bá ní ohun kan lọ́wọ́ a mú ẹyin tàbí adìẹ wá. A kì í lé ẹni tí kò ní nǹkan. Ewúrẹ́ àti adìẹ ń rìn kiri láàárín ilé. Àwọn àlejò láti òkè òkun wò ó, ẹnu yà wọ́n, àwọn kan sì sọ ọ́ jáde pé ibẹ̀ kò mọ́ tó. Ṣùgbọ́n Schweitzer mọ̀ pé bí òun bá ya aláìsàn kúrò lára ẹbí rẹ̀, yóò kú sí abúlé rẹ̀ ju kí ó wá lọ. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ta ni nínú wa tí ó ń fi ẹni rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí yóò sì lọ sùn?

Nísinsìnyí a dé ibi àbùkù rẹ̀. Schweitzer fẹ́ràn àwọn ará Gabon, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀gbọ́n ni òun, àbúrò sì ni wọ́n, ó sì kọ èrò yìí sínú ìwé rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ni yóò máa pàṣẹ, àwọn ni yóò máa gbọ́. Ó lé ní 50 ọdún láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi kú, síbẹ̀ kò dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí irú Joseph Azoawani lè gbà di oníṣègùn. Yúróòpù ni àwọn dókítà rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ń béèrè òmìnira, ó rò pé kò tíì tó àkókò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ìgbà náà ni kò jẹ́ kí ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. James Africanus Horton, ọmọ Sierra Leone, ti gba oyè ìṣègùn ní Edinburgh ní ọdún 1859, kí a tó bí Schweitzer rárá. Ní ọdún 1896, ọdún kan náà tí Schweitzer ṣe ìpinnu ní ilé baba rẹ̀, ìjọba Èkó gba Dókítà Oguntola Sapara, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, sí iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ ní etíkun tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà kọjá. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

A sọ èyí láìfi ìwọ̀sí kún un. Ẹ̀gbọ́n tí ó gbé àbúrò pọ̀n nígbà tí ó ń ṣàìsàn ti ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò bá ti lè rìn, tí ẹ̀gbọ́n kò sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ìfẹ́ náà ti di ẹrù sí àbúrò lọ́rùn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Schweitzer wà ní Lambaréné láìkúrò níbẹ̀, láti ọdún 1939 dé 1948. Helene la ewu ogun kọjá, ó sì wá bá a ní ọdún 1941. Lẹ́yìn ogun, òkìkí rẹ̀ kàn dé gbogbo ayé. A fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà fún ọdún 1952, ó sì fi owó náà kọ́ abúlé fún àwọn adẹ́tẹ̀ lẹ́bàá ilé ìwòsàn, nítorí oògùn tuntun ti dé tí ó lè wo ẹ̀tẹ̀ sàn. Ní ọdún 1957 ó gba orí rédíò Oslo kìlọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè ńlá nípa ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọdún yẹn náà ni Helene kú, a sì gbé eérú rẹ̀ wá sin ní Lambaréné. Ní ọdún 1960 Gabon gba òmìnira. Ní ọdún 1963, nǹkan bíi 350 aláìsàn ni ó wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn, 150 sì wà ní abúlé àwọn adẹ́tẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1965, Albert Schweitzer sùn nínú Olúwa ní Lambaréné, ní ẹni 90 ọdún. Létí odò tí ó gbé e wá ni a sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò bá a kú. A ṣí ilé ìwòsàn tuntun níbẹ̀ ní ọdún 1981, a sì tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ kí àwọn ènìyàn lè máa wá wò ó. Ibẹ̀ ti di ibi tí a ti ń ṣe ìwádìí lórí ibà, èyí tí ó ń pa ọmọ Áfíríkà ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ, àwọn onímọ̀ ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ohun tí Schweitzer kò rí tàbí tí kò fẹ́ rí ti ṣẹ lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣán.

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin olùkọ́ ní pàtàkì, a rí i nínú ìtàn yìí pé ilé adìẹ tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó dára, bí ẹni tí yóò ṣe é bá wà. A sì rí i pé ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rere fún ọmọnìkejì rẹ̀ kò tíì parí rẹ̀ títí ọmọnìkejì náà yóò fi lè ṣe é fúnra rẹ̀. Kí olúkúlùkù wa, ní kíláàsì rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti ní ilé rẹ̀, wo ẹni tí òun gbé pọ̀n, kí ó sì béèrè bóyá àkókò ti tó láti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó rìn.